Ẹ tẹ̀lé omi: bí ẹ ṣe lè dá àwọn nǹkan tó ń mú ẹ́ńjìnì MGB tutù mọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá kiri ni àwòrán ẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ọfà tọ́ka sí nǹkan kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kìíní rèé, nọ́ńbà kejì nìyẹn, á wá máa wo àwòrán, á máa wo ẹ́ńjìnì, ojú ẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀. Mi ò ní àwòrán ò dáa o. Àmọ́ àwòrán yẹn, mọ́tò bó ṣe jáde láti fáktírì ló yà, èyí tó wà níwájú yín sì ti lé ní ogójì ọdún, ó ti gba ọwọ́ olówó mélòó kan kọjá, kálukú wọn ti pààrọ̀ nǹkan sí i bó ṣe wù ú, họ́ọ̀sì mọ́tò mìíì, fáànù mọ́tò mìíì, ọmọrí rédíétọ̀ tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ẹ gbé àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ tẹ̀lé omi. Omi inú ẹ́ńjìnì ní ọ̀nà kan tó ń tọ̀, ó ń yípo ni, ibi tó ti gbéra náà ló ń padà sí, tí ẹ bá fi ọwọ́ tọ ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀ ló kù nínú iṣẹ́ ìtutù ẹ́ńjìnì tí ọwọ́ yín ò ní kàn.

MGB, mọ́tò sípọ́ọ̀tì tí ilé iṣẹ́ MG ṣe, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi kọ́ nǹkan yìí. Abingdon ní England ni wọ́n ti ṣe é, láti 1962 di 1980, wọ́n ṣe é lé ní 500,000, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara ẹ̀ fi ṣì pọ̀ káàkiri ayé dòní. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní B-series, 1798 cc, sílíńdà mẹ́rin, irin gidi ni búlọ́ọ̀kù ẹ̀, irin gidi ni tọ́ọ̀pù sílíńdà ẹ̀ náà, ó nà tààrà láti iwájú lọ sẹ́yìn, rédíétọ̀ sì wà níwájú ẹ̀. Tí mo bá sọ pé ọ̀tún tàbí òsì, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó jókòó sínú mọ́tò tó kọjú síwájú ni mò ń wí o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú tí èèyàn méjì á máa jiyàn lórí nǹkan kan náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni distributor, ohun tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, àti dínámò, ohun tó ń ṣe iná mọ́tò, wà, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kábúrétọ̀ àti páìpù èéfín wà. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, mi ò sọ pé kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tutù débi tí ẹ fi lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíétọ̀ kí ẹ sì fi í síbẹ̀ láìfà á kúrò.

Ọmọrí rédíétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ọ̀pọ̀ rò pé ìdérí lásán ni, kí omi má baà dànù. Ẹ yí i padà kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí sípríǹgì, ẹ máa rí rọ́bà roboto tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ tún máa rí fáàfù kékeré kan ní àárín gbùngbùn. Iṣẹ́ sípríǹgì yẹn ni láti tẹ omi mọ́lẹ̀, torí omi tí nǹkan bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í hó ní 100°C. Ọmọrí 7 lb, ìyẹn pọ́n-ùn méje lórí ínṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí àwọn MGB àkọ́kọ́ ń lò máa ń jẹ́ kí omi dé nǹkan bíi 111°C kó tó hó, àwọn tó tẹ̀lé e ń lo 10 lb, ìyẹn ń lọ sí bíi 115°C. Nọ́ńbà yẹn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ọmọrí ni, ẹ fi ákísà nù ún dáadáa ẹ ó rí i. Fáàfù kékeré àárín yẹn ní tiẹ̀, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń tutù ló ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé, tí kò bá ṣí, omi tó ń sún kì á máa fa họ́ọ̀sì mọ́ra títí họ́ọ̀sì á fi fún pọ̀. Nítorí náà tí ẹ bá jí láàárọ̀ tí ẹ rí họ́ọ̀sì òkè tó ti pẹlẹbẹ, ọmọrí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, ẹ má tíì ra họ́ọ̀sì. Àwọn kan á wá lọ gbé ọmọrí 15 lb lé mọ́tò ọdún 1963 torí pé ó wọ̀ ọ́n lẹ́nu, wọ́n ní agbára ẹ̀ pọ̀. Agbára yẹn, ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó rédíétọ̀ pọ̀ ló ń lọ bá jà, òun àti rédíétọ̀ kékeré inú hítà, ohun tó ń mú inú mọ́tò móoru nígbà òtútù, àwọn méjèèjì ò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Rédíétọ̀ fúnra ẹ̀ kò ṣòro dá mọ̀, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ti MGB yìí, òkè sí ìsàlẹ̀ ni omi ń gbà nínú ẹ̀, táǹkì kan lókè, táǹkì kan nísàlẹ̀, àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀, bébà bàbà wẹ́wẹ́ ló sì yí àwọn ojú ọ̀nà yẹn ká tí afẹ́fẹ́ ń gbà láàárín wọn. Ẹ fi ìka kan àwọn bébà bàbà yẹn jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá ń fọ́ wẹ́wẹ́ sí yín lọ́wọ́ bí eérú, rédíétọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jò, torí ooru ò ní rí ibi gbà jáde mọ́. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ náà, tí ẹ bá rí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé tó gan síbẹ̀, omi ti ń gba ibẹ̀ yọ́ jáde nìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn tí ọmọrí dé lé, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ ni omi tó bá pọ̀ jù ń gbà jáde, ilẹ̀ ló sì ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá ike tó ń gba omi yẹn dúró lára MGB àkọ́kọ́, kò sí níbẹ̀ láti fáktírì.

Láti táǹkì ìsàlẹ̀, họ́ọ̀sì kan wà tó ń lọ bá ẹ́ńjìnì. Omi tó ti tutù ló ń gba inú ẹ̀, pọ́ǹpù ló sì ń fà á. Ọ̀rọ̀ "fà" yẹn ṣe pàtàkì: họ́ọ̀sì òkè, ńṣe ni omi ń tì í láti inú, ti ìsàlẹ̀ ní tiẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń fa omi inú ẹ̀ mu, tó bá ti rọ̀ jù, tí ẹ bá tẹ iná sí ẹ́ńjìnì dáadáa á fún pọ̀, omi ò ní kọjá mọ́, mọ́tò á sì máa gbóná ní eré nìkan, tí ẹ bá dúró kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́, ó yẹ kó le díẹ̀ kó sì padà sí bó ṣe wà.

Ibi tí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ bá wọ̀, wọ́tà pọ́ǹpù nìyẹn. Ó wà níwájú búlọ́ọ̀kù gan-an, fáànù ni wọ́n dè mọ́ imú ẹ̀, ìyẹn lára àwọn tí fáànù wọn kò tíì máa lo iná. Fánbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló yí nǹkan mẹ́ta ká: wíìlì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́nu ọ̀pá ẹ́ńjìnì, wíìlì pọ́ǹpù, àti dínámò lápá ọ̀tún. Láti ìparí 1967 ni wọ́n ti yọ dínámò kúrò tí wọ́n fi ọ́tánétọ̀ rọ́pò ẹ̀. Dínámò kì í ṣe nǹkan ìtutù, mo mọ̀, àmọ́ òun ni wọ́n ń tì síwá sẹ́yìn láti fi mú bẹ́ẹ̀tì le, nítorí náà ẹ ka bóòtì ẹ̀ mọ́ ọn. Tí iná pupa dínámò bá ṣàdédé tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù tí géèjì ooru sì ń gòkè lẹ́sẹ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀tì ló já, kò sí nǹkan míì tó ń ṣe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan.

Lára pọ́ǹpù yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ lọ́ra díẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo abẹ́ ọrùn ẹ̀ láàárín wíìlì àti ibi tó fẹ̀, ẹ máa rí ihò kékeré kan tí kò fẹ̀ ju kí ìṣó wọ̀ ọ́ lọ. Ihò yẹn, wọ́n dìídì lu ú ni. Nínú pọ́ǹpù, ọ̀pá kan ló gùn jáde, bíárìnì ló gbé e dúró, ohun kan sì wà tó ń dí omi lọ́nà kó má baà dé ibi bíárìnì, tí ohun yẹn bá ti gbó, omi á yọ́ kọjá, dípò kó wọ inú bíárìnì á gba ihò yẹn jáde kí ẹ lè rí i. Ìkìlọ̀ ló jẹ́. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí pa, ó sì bí mi nínú gan-an, torí ẹni tó ṣe é ti gba ẹnu mọ́tò mọ́ ọn lẹ́nu, omi ò jò síta mọ́ lóòótọ́, bíárìnì ló ń mu ún, lọ́jọ́ tí bíárìnì bá sì fọ́, fáànù á yẹ̀, rédíétọ̀ ló sì kọjú sí. Tí ihò yẹn bá gbẹ tí kò sí àpá omi lábẹ́ ẹ̀, ẹ di abẹ fáànù méjì mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì í síwá sẹ́yìn. Kò yẹ kó mì. Tó bá ń mì tàbí tó ń dún gbirigbiri tí ẹ bá fọwọ́ yí i, pọ́ǹpù ń bọ̀ wá lọ nìyẹn.

Tí omi bá ti kúrò ní pọ́ǹpù, inú búlọ́ọ̀kù ló wọ̀, ẹ ò lè rí i mọ́. Ohun tí ẹ lè rí níbẹ̀ ni àwọn ìdérí irin roboto pẹlẹbẹ lára búlọ́ọ̀kù, wọ́n tóbi bí owó ẹyọ ńlá. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé nítorí kí omi má baà di yìnyín kó sì fọ́ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n, pé tí omi bá dì, wọ́n á fò jáde. Wọ́n lè fò jáde lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù, iyanrìn ni wọ́n fi di àyè tí omi máa gbà, ihò wọ̀nyẹn ni wọ́n gba kó iyanrìn yẹn jáde, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ dé wọn. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, láti inú ló sì ti ń dípẹtà, nítorí náà ojú ẹ̀ lè mọ́ tónítóní lóde kó sì jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kó lu. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìdérí kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá rí ìlà pupa rúsúrúsú kan tó ṣàn wálẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má fojú fo o. Àwọn tó wà lábẹ́ páìpù èéfín lápá òsì ló máa ń yọni lẹ́nu jù torí ọwọ́ ò fẹ́ dé bẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti yọ mánífóòlù, ìyẹn páìpù tó so mọ́ ẹ́ńjìnì níbẹ̀, fún iṣẹ́ míì kò gbọ́dọ̀ dá a padà láìwò wọ́n.

Láti búlọ́ọ̀kù, omi gba ojú tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, gòkè sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, níbi tí ooru ti pọ̀ jù lọ, ó wá ń rìn bọ̀ níwájú. Iwájú pátápátá lórí tọ́ọ̀pù sílíńdà yẹn ni ẹ máa rí ìgbọ̀nwọ́ alumíníọ̀mù kan tí họ́ọ̀sì òkè dè mọ́, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló mú un. Abẹ́ ẹ̀ ni tẹ́mósítáàtì wà. Ẹ má fi agbára já nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Irin ni bóòtì tí wọ́n wé mọ́, alumíníọ̀mù ni ohun tí bóòtì yẹn gba inú ẹ̀ kọjá, omi ti bá àwọn méjèèjì gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti gan mọ́ra. Ẹ rọ epo tó ń túdè sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi ooru díẹ̀ kàn án, ẹ máa yí i síwá sẹ́yìn díẹ̀ díẹ̀. Tí bóòtì kan bá kán sínú tọ́ọ̀pù sílíńdà, iṣẹ́ tí ẹ fi wákàtí kan ṣe á di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Tẹ́mósítáàtì fúnra ẹ̀, ohun kékeré ni, ó roboto, etí ẹ̀ tẹ́, sípríǹgì wà lápá kan, ìdí bàbà kan sì wà láàárín sípríǹgì yẹn. Ìda ló wà nínú ìdí bàbà yẹn. Tí omi tó yí i ká bá ti gbóná tó, ìda yẹn á yọ́, á wú, á ti ojú ọ̀nà ṣí, omi á wá lè kọjá lọ sí rédíétọ̀, tó bá tutù sípríǹgì á dá a padà. Ìdí ẹ̀ yẹn, inú ẹ́ńjìnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí, kó lè máa gbọ́ ooru omi ẹ́ńjìnì, ẹni tó bá dorí ẹ̀ kodò ti dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí etí ẹ̀: 82 ni ti MGB gangan, ìyẹn ni pé 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, 74 wà fún ibi tí oòrùn ti ń mú, 88 wà fún ibi tí òtútù ti pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì dáa, ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi, kó má kan ìdí ìkòkò, ẹ gbé e kaná pẹ̀lú tẹmómítà, ẹ máa wò ó. Ó dùn-ún wò gan-an, kò ní ṣe nǹkan kan, kò ní ṣe nǹkan kan, àfi kí ẹ dédé rí ojú ẹ̀ tó ń là díẹ̀díẹ̀.

Mo wá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí màá fi gbogbo ẹnu sọ. Tí ẹ bá ṣí ìgbọ̀nwọ́ yẹn tí ẹ sì bá ihò òfìfo, tí kò sí tẹ́mósítáàtì níbẹ̀, ẹ fi òmíì síbẹ̀. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì tó yọ ọ́ máa ní mọ́tò ń gbóná ni òun fi yọ ọ́, pé ó ti dára báyìí. Kò dára. Ẹ́ńjìnì tí kò ní tẹ́mósítáàtì kì í gbóná dé ibi tó yẹ kó gbóná dé, epo inú ẹ̀ á máa ki, bẹntiróòlù tí kò jó tán á máa fọ epo kúrò lára ògiri sílíńdà, omi inú afẹ́fẹ́ á máa dì sínú epo, sílíńdà á máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láìsí ariwo kankan. Ohun tó sì ń mú un gbóná tẹ́lẹ̀, bóyá rédíétọ̀ tó ti dí, bóyá pọ́ǹpù tó ti jẹ tán nínú, ó ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi aṣọ bò ó ni. Ihò òfìfo yẹn ń sọ fún yín pé ẹnì kan ti bá ìgbóná jà tẹ́lẹ̀ nínú mọ́tò yìí tí kò sì rí ìdí ẹ̀, nítorí náà ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa níbi tó kù.

Họ́ọ̀sì òkè ò lẹ́jọ́, láti ìgbọ̀nwọ́ dé táǹkì òkè rédíétọ̀ ni, a ti yípo délé. Tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnì tí ẹ gbé ọwọ́ lé e, á tutù fún ìgbà díẹ̀, á wá gbóná lẹ́ẹ̀kan, ìgbà yẹn ni tẹ́mósítáàtì ṣí.

Àmọ́ omi tún ní ọ̀nà ẹ̀bùrú kan, òun ni ti hítà. Lẹ́yìn tọ́ọ̀pù sílíńdà, lápá ọ̀tún níbi tí distributor wà, fáàfù kékeré kan wà tí wáyà kan ń ṣí tó ń pa á láti dásíbọ́ọ̀dù. Omi gbígbóná gba ibẹ̀ wọ àpótí hítà tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, ó wá gba páìpù irin tín-ín-rín kan tó kọjá lápá òsì lókè mánífóòlù padà wá síwájú, ó sì darapọ̀ mọ́ omi tó ń lọ sí pọ́ǹpù. Páìpù yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dá mọ̀, wọ́n á rò pé ti bẹntiróòlù ni tàbí ti bíréékì. Ẹ fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ dé ìdí, kò lè tàn yín.

Ohun tó ń wọn ooru omi náà wà nítòsí, iwájú tọ́ọ̀pù sílíńdà lápá ọ̀tún, ẹ̀bá tẹ́mósítáàtì. Tó bá jẹ́ wáyà iná lásán ló wọ̀ ọ́, géèjì oníná ni. Tó bá sì jẹ́ ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí sípríǹgì wé lára, tó lọ láìsí ìsopọ̀ kankan títí dé ẹ̀yìn géèjì nínú mọ́tò, ether, omi kan tó máa ń tètè fẹ́, ló wà nínú ẹ̀, ooru ń mú un wú, òun ló ń ti abẹ́rẹ́ géèjì. Ọ̀pá yẹn, òun àti géèjì, nǹkan kan ṣoṣo ni. Ẹ má gé e, ẹ má ká a kó ṣẹ́, tí ether bá ti jáde, géèjì ti kú.

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láìpẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, rédíétọ̀ méjì ló wà nínú mọ́tò yìí o, kékeré kan wà níwájú ńlá, ó ń jò, ṣé kí n dí i?" Mo ní kó fi ìka kan ohun tó ń jò kó fi wé ìka kejì. Ó ní ó ń yọ̀. Mo ní epo ẹ́ńjìnì nìyẹn. Ohun tó rí ni ohun tó ń mú epo tutù, lóòótọ́ ó jọ rédíétọ̀ kékeré, afẹ́fẹ́ kan náà ló sì ń fẹ́ sí i, àmọ́ ẹ wo àwọn họ́ọ̀sì méjì tó so mọ́ ọn, nọ́ọ̀tì ńlá ló de ẹnu wọn, kì í ṣe kílíìpù bíi ti họ́ọ̀sì omi, tí ẹ bá sì tọ̀ wọ́n, ọ̀dọ̀ fílítà epo àti ara búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń lọ, wọn ò kan pọ́ǹpù rárá. Ẹni tó bá tẹ̀lé omi kò ní dé ibẹ̀. Èyí tó jò báyìí, ẹ má fi mọ́tò rìn o, torí epo ẹ́ńjìnì ló ń dànù yẹn.

Ọ̀nà kan náà ni mò ń lò fún mọ́tò míì, kódà níbi tí àwọn nǹkan ti yí padà pátápátá. Austin-Healey Sprite àti MG Midget, tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ A-series, ní họ́ọ̀sì kúkúrú kan láàárín pọ́ǹpù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, kò gùn ju ìka lọ, omi ń gba ibẹ̀ yípo nígbà tí tẹ́mósítáàtì ṣì wà ní pípadé, ó sì sápamọ́ débi pé ọ̀pọ̀ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì tó kù tí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀. Jaguar E-Type tó jáde ní 1961, ọmọrí ẹ̀ ò sí lórí rédíétọ̀, orí táǹkì ọ̀tọ̀ ló wà, fáànù ẹ̀ sì ń lo iná, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bẹ́ẹ̀tì. Lotus Elan ní tiẹ̀, inú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnì tí séènì wà ni wọ́n kọ́ pọ́ǹpù sí, nítorí náà pípààrọ̀ ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni Triumph Stag, tí wọ́n ṣe láti 1970 di 1977: ẹ wá pọ́ǹpù síwájú lẹ́yìn bẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní rí i, òkè ni wọ́n gbé e sí, láàárín ìlà sílíńdà méjèèjì, ó ga débi pé tí omi bá dín díẹ̀ báyìí, pọ́ǹpù ló máa kọ́kọ́ gbẹ, ó wà lára ohun tó sọ mọ́tò yẹn di olórúkọ burúkú fún ìgbóná. Porsche 911 àtijọ́ títí di 1998 kò tilẹ̀ ní omi rárá, fáànù ńlá ẹ̀yìn tí ọ́tánétọ̀ wà láàárín ẹ̀ ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílíńdà, epo sì ń ṣe iṣẹ́ tó kù, níbẹ̀ ẹ ó tẹ̀lé afẹ́fẹ́ àti epo. MGB tó jáde lẹ́yìn 1976 náà ti yàtọ̀, wọ́n ti sún rédíétọ̀ síwájú, wọ́n ti fún un ní fáànù oníná, omi tó bá kún jù sì ti ní táǹkì tó ń gbà á.

Tí ẹ bá ti mọ gbogbo ẹ̀ tán, ẹ da omi àtijọ́ nù, torí ohun tó bá jáde á sọ nǹkan fún yín. Yàtọ̀ sí ti rédíétọ̀, ẹnu omi kan wà lára búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún, lẹ́yìn, nísàlẹ̀. Ẹ ṣí i. Ó ṣeé ṣe kí omi má jáde rárá, kì í ṣe pé omi ò sí níbẹ̀, ẹrẹ̀ ìpẹtà ló dí i, ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù níbi sílíńdà kẹrin ni gbogbo ìdọ̀tí máa ń kóra jọ sí. Ẹ yọ ẹnu omi yẹn kúrò, ẹ fi wáyà tó le gún ihò ẹ̀ títí á fi ṣí, ẹ wá fi omi tó mọ́ ṣan án títí tí àwọ̀ pupa á fi kúrò nínú ẹ̀. Omi lásán kò tó láti dá padà o, ẹ po kúláàntì mọ́ ọn, ìlàjì ìlàjì, kódà níbi tí omi kì í ti í di yìnyín, torí inú irin lẹ ń da omi sí, ohun tí kò ní jẹ́ kó dípẹtà lẹ fẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò àtijọ́ ni mo fọwọ́ sí, àwọn irú tuntun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú mọ́tò àtijọ́ kì í fẹ́ kó kan òjé rédíétọ̀.

Ẹ ṣí fáàfù hítà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, kí afẹ́fẹ́ má baà há sínú ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn. Ẹ rọra dà á. Ẹ tan ẹ́ńjìnì láìdé ọmọrí, ẹ dúró tì í títí họ́ọ̀sì òkè á fi gbóná, omi á lọ sílẹ̀, ẹ fi kún un, ẹ dé e. Ẹ má kún un dé ẹnu lára àwọn MGB àkọ́kọ́ o, ẹ fi àyè bíi ínṣì kan sílẹ̀ lábẹ́ ọrùn ẹ̀. Tí ẹ bá kún un dé ẹnu, á wú, á gba páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ da èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, lọ́jọ́ kejì ẹ ó tún kún un, á tún dà á nù, ẹ ó máa rò pé ó ń jò. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó bá dúró sí. Tó bá tún wá ń lọ sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, ẹ padà síbi ihò abẹ́ pọ́ǹpù àti ojú àwọn ìdérí búlọ́ọ̀kù ná, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni.